Ta Ló Gbé Màmá Mi Gun Òkè?

Mi ò bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi Wẹ́dà, kó lọ bi Ọ̀gá, kó lọ bi gbogbo àwọn tó dúró sí pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ìyá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Ibi tí kò bá yé mi, mi ò ní bù mọ́ ọn kó lè yé ẹ̀yin.

Iṣẹ́ ẹnu ni mò ń ṣe. Bí omi bá fẹ́ ya wọ ìlú wa, èmi ni mò ń ké sí àwọn ènìyàn. Yàrá kékeré kan wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Tábìlì kan, àga kan, fóònù kan, máìkì kan. Lórí òrùlé ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà, ó lanu sí gbogbo ìlú. Bí mo bá wúkọ́ nínú yàrá yẹn, ẹni tó ń sá aṣọ létí odò máa gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ẹlẹ́nu. Mi ò bínú. Ẹnu mi ni mo kúkú fi ń jẹun.

Odò wa ti ọ̀nà jíjìn wá, láti orí àwọn òkè ńláńlá. Òjò lè máa rọ̀ lọ́hùn-ún bí ẹni ń da omi láti inú garawa, kí oòrùn máa ràn lọ́dọ̀ tiwa. Aṣọ ẹni á gbẹ lórí okùn, omi á sì ti wà lójú ọ̀nà. Omi tiwa kì í kanlẹ̀kùn.

Nítorí náà, a ní ètò. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní olórí, ó sì ní irin kan tí wọ́n so rọ̀ sórí òpó níbi tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pe àdúgbò kan lórí máìkì, gbogbo ilé á jáde, wọn á máa gun òkè. Olórí ló ń kẹ́yìn. Á wo ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí kò bá ku ẹnikẹ́ni mọ́, á lu irin. Irin tó dún ti parí ọ̀rọ̀: ibẹ̀ ti ṣófo, kò sí ẹni tó ṣẹ́kù. Irin kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, mo sì mọ̀ wọ́n bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ti Ìsàlẹ̀, ìyẹn àdúgbò tó sún mọ́ odò jù, ló wúwo jù nínú gbogbo wọn. Ó máa ń dún bí ẹni pé ó ń ronú.

Òfin tèmi ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá di máìkì mú kò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ títí irin ìkẹyìn á fi dún. Ọ̀gá wa ló ṣe òfin náà. Ọkùnrin gíga kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. "Bó o bá dákẹ́," ó máa ń wí, "wọ́n á rò pé ó ti tán. Wọ́n á padà lọ mú ẹrù. Má dákẹ́."

Ẹ wá wo ìdánrawò wa! Ọdọọdún, kí òjò tó dé, a máa ń ṣe é bí ẹni pé omi ti dé, àdúgbò tí irin rẹ̀ bá kọ́kọ́ dún ló máa gba ife-ẹ̀yẹ. Ìlú á dàrú. Àwọn arúgbó á máa sáré. Tọkọtaya tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti àná á di ọwọ́ ara wọn mú. Ẹ̀rín, ariwo, eruku. Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà ju ọjọ́ ìbí mi lọ.

Ìsàlẹ̀ nìkan ni kì í gba ife. Nítorí ìyá mi ni.

Ìyá mi ló ń dá gbé nílé tó kángun sí odò. Eékún rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ. Bí Wẹ́dà, olórí Ìsàlẹ̀, bá wá mú un, á fà sẹ́yìn lórí àga rẹ̀, á ká apá gbera.

"Màmá, ẹ dìde. Omi ń bọ̀."

"Omi wo? Èyí tí ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ là kọjá yẹn?"

"Màmá, ìdánrawò ni."

"Odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Etí odò yìí ni wọ́n bí mi sí."

"Eékún kì í dun ẹja, Màmá."

"Wẹ́dà, lọ lu irin rẹ."

Báyìí ni irin Ìsàlẹ̀ ṣe máa ń dún kẹ́yìn, lọ́dọọdún. Wẹ́dà sì fẹ́ ife yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ ọjọ́ ọdún. Ó wá bá mi. "Ẹlẹ́nu," ó ní, "gbogbo ìlú lò ń fi ẹnu lé sókè. Ìyá tó bí ọ lọ́mọ ò mì."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ gbóná. Mo mú tépù kan, mo gba ohùn ara mi sínú rẹ̀, gbogbo ìpè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́jọ́ ìdánrawò, mo gbé tépù síwájú máìkì, mo tẹ̀ ẹ́, mo gba ẹ̀yìn sá lọ. Ọ̀gá wà ní pápá, kò rí mi. Mo sáré débi tí bàtà mi fi já.

Mo bá ìyá mi lórí àga, ó ká apá gbera. Ohùn mi ń ké lókè: "Ìsàlẹ̀, ẹ jáde! Ìsàlẹ̀!" Èmi náà sì rèé, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú rẹ̀.

Ó wo òkè. Ó wò mí. "Kékeré," orúkọ tó ń pè mí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi nìyẹn, "ta ló ń sọ̀rọ̀ lókè yẹn?"

"Èmi ni."

"Ta wá ni ìwọ?"

"Èmi náà ni. Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Mo pọ̀n ọ́n. Mo pọn ìyá tó pọ̀n mí! Gbogbo Ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé wa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wẹ́dà lu irin bí ẹni tó fẹ́ kó já. A gba ife. Nígbà tí mo sọ ìyá mi kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nínú pápá, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo ti rí i pé ó ṣeé ṣe," ó ní. "Ọjọ́ tí omi bá dé ní tòótọ́, ìwọ ni kó o wá gbé mi. Mi ò tẹ̀ lé ẹlòmíràn."

"Mà á wá, Màmá."

Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀gá rí tépù náà. Kò bá mi jà. Ó gbé e sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ku nǹkan kan tó ṣeé gbé dúró. Lẹ́yìn náà, ó tún òfin yẹn sọ fún mi, jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí tépù nínú yàrá wa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tó yá, omi dé ní tòótọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ràn. Mò ń gé èékánná lọ́wọ́, fóònù dún. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ odò lókè réré ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ ò pọ̀. "Omi ti já. Ẹ lé wọn jáde." Fóònù sì kú.

Ọ̀gá ti wà lórí ọ̀kadà rẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Ó fẹ́ lọ dí afárá kí mọ́tò kankan má bàa gba ibẹ̀. Ó wo fèrèsé, ó ní, "Má gbé e sílẹ̀."

Mo máa sọ òótọ́ ibẹ̀: inú mi dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má burú létí. Ara mi yá gágá. Gbogbo ọdún tí a fi ṣeré, ọjọ́ yìí la ń dúró dè. Mo gbá máìkì mú.

"Ìlú, ẹ gbọ́! Ìdánrawò kọ́ o! Omi ń bọ̀! Ẹ gun òkè!"

Ìlú sì mì. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣìnà. Ẹsẹ̀ wọn ti mọ ojú ọ̀nà. Àdúgbò Ọjà, irin rẹ̀ dún. Mo pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àdúgbò Ilé-Ọkọ̀, ó dún. Títì Àárín, ó dún. Mò ń pè wọ́n, wọ́n ń dáhùn. Irin, irin, irin. Omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú mi. Mò ń lu tábìlì.

Ó wá ku Ìsàlẹ̀.

Mo pe Ìsàlẹ̀. Mo dákẹ́ díẹ̀, mo tẹ́tí. Kò sí nǹkan. Mo tún pè. Mo rí àwọn ará Ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń gun òkè bọ̀. Gbogbo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Irin kò dún. Mo mọ ẹni tó ṣẹ́kù. Mo mọ ibi tó jókòó sí. Mo mọ bó ṣe ká apá gbera. Èmi ló ń dúró dè.

Mo fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù Wẹ́dà. Kò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò lọ.

Oòrùn wọ lójijì. Ìkùukùu dúdú kan ti gba ojú ọ̀run láìsí ẹni tó rí i nígbà tó ń bọ̀. Iná yàrá kú. Bátìrì gbé ẹ̀rọ. Ajá kankan ò gbó mọ́. Àwọn ẹyẹ tó máa ń pariwo lórí òrùlé wa dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn ẹrẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Omi ò tíì dé, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti dé.

Bí mo bá gbé máìkì sílẹ̀, àwọn tó wà ní pápá á rò pé ó ti tán. Wọ́n á padà lọ mú ẹrù. Bí mi ò bá gbé e sílẹ̀, ìyá mi á kú lórí àga. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ìlú.

"Màmá, èmi Kékeré ni. Mi ò lè wá. Ẹ jẹ́ kí Wẹ́dà gbé yín. Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè mí."

Ohùn mi lọ, ó kan òkè tó wà lódìkejì odò, ó padà wá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mi kì í kọbi ara sí i. "Ẹ jọ̀ọ́," ohùn náà wí, látọ̀nà jíjìn. "Ẹ má dúró dè mí." Mo dákẹ́ láti mí. Ó yẹ kí ohùn náà dákẹ́ pẹ̀lú mi.

Kò dákẹ́.

Ó rọra sọ ọ́, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́bàá odò. Ohùn mi ni. Mi ò lè ṣi ohùn mi mọ̀. Ó ní, "Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

Mo gbá máìkì mọ́ àyà. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà, irin Ìsàlẹ̀ dún. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò dún bó ṣe máa ń dún. Ó dún bí irin tí wọ́n fi aṣọ tútù wé.

Kí ìró rẹ̀ tó tán nílẹ̀, omi dé. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa omi náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ariwo rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí, kó máa dúpẹ́. Ó kó Ìsàlẹ̀ lọ láti ilé àkọ́kọ́ dé ilé ìkẹyìn. Mo gbé máìkì sílẹ̀, mo fò jáde.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ ń hó bí ọjà. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń kọrin, gbogbo ènìyàn ń di gbogbo ènìyàn mọ́ra. Kò ku ẹnì kankan! Kò ku ẹyọ ẹnì kan! Mò ń fi ìgúnpá la àárín wọn kọjá, mò ń pariwo "Màmá! Màmá!" bí ọmọ tó sọ nù.

Ó wà lórí bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì ọjọ́ ìdánrawò yẹn gan-an. Mo wólẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbórí lé e lórí itan, mo sì rí i pé aṣọ rẹ̀ tutù. Iwájú nìkan ni. Àyà rẹ̀, ikùn rẹ̀, abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, gbogbo rẹ̀ rin gbindingbindin. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ.

"Ta ló gbé yín wá, Màmá?"

Ó wò mí bí ẹni pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀. "Ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé ìwọ kọ́ ni?" Ó wá wo aṣọ mi. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó fọwọ́ kan èjìká mi. Gbígbẹ ni wọ́n. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo wá Wẹ́dà lọ. Mo bá a lẹ́yìn ògiri, ọkùnrin fìrìgbọ̀n yẹn dá jókòó. Nígbà tó rí mi, ó dìde dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Èwo ni ìwọ?" ó bi mí.

"Wẹ́dà, má ṣe báyẹn. Sọ ohun tó o rí."

Ó sọ ọ́. Ó ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi, òun ń bẹ̀ ẹ́, kò dá òun lóhùn. Ó ní mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ìyẹn ilẹ̀kùn tó kọjú sí odò. Omi ń ro tótó lára mi, bẹ́ẹ̀ omi ò tíì dé. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ gun ẹ̀yìn mi," ìyá mi sì gùn ún, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé o ò gbọ́ ohùn mi lókè?"

"Mo gbọ́ ọ. Ò ń sunkún níbẹ̀. Mo rò pé tépù ni."

"Ọ̀gá ti fọ́ tépù. O mọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n báyìí." Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tí a dé ìdí irin, o ní kí n lù ú. Mo ní, 'Ìwọ ńkọ́?' O ní, 'Máa lù ú. Èmi ò sí lára wọn.' Mo lù ú. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó dún."

"Ó dún," mo ní.

Kì í ṣe Wẹ́dà nìkan. Obìnrin tó ń rán aṣọ rí mi. Awakọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ rí mi, wọ́n tiẹ̀ yà fún mi lọ́nà. Ẹ̀yìn mi ni púpọ̀ nínú wọn rí. Wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Gbogbo ìlú ló rí tèmi lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú náà ló sì gbọ́ mi lókè, tí mi ò dákẹ́. Ọ̀gá padà dé láti ìdí afárá, ó gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ó kàn lọ wo yàrá wa. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ìyá mi ṣì ń wo ọ̀nà ìsàlẹ̀.

"Ó sọ mí kalẹ̀ síbí," ó ní. "Ó ní òun ń padà lọ. Mo ní, 'Síbo?' Ó ní, 'Sílé.' Mo pariwo mọ́ ọn. Kò wẹ̀yìn."

"Màmá, ẹ wo ojú mi. Èmi rèé. Mi ò lọ síbì kankan."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ojú mi sókè. Ó wò mí dáadáa, tìfẹ́tìfẹ́, bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí ibà bá ń ṣe mí ní kékeré. "Ẹ jọ ọ́," ó ní. "Ẹ jọ ọ́ gan-an ni."

"Ẹ" ni ìyá mi pè mí. Ìyá tó bí mi.

Ó ń bá mi gbé báyìí, nínú ilé mi lókè. Orí rẹ̀ pé. Ó mọ orúkọ gbogbo ènìyàn, ó mọ ẹni tó bú u lọ́dún tí wọ́n bí mi, kò gbàgbé èébú kan. Ó kàn ń bá mi ṣe bí àlejò ṣe ń bá onílé ṣe ni. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà." Mo ti sunkún títí, mo ti bínú, mo ti to ìtàn ìgbà èwe mi kalẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń mi orí. "Ó ti sọ fún yín, àbí?" á wí. Ó ra aṣọ ìnura tuntun kan, ó ká a sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fi nu ara.

Ọdún yípo. Ìdánrawò tún dé. Ẹ ò bá rí ìlú wa! Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ta ló tún máa jókòó sílé? Àwọn ìlú mìíràn rán ènìyàn wá wò wá. Kò sí Ìsàlẹ̀ mọ́. Kò sí ilé kankan níbẹ̀, iyanrìn ni. Omi ti fa òpó irin rẹ̀ tu, Wẹ́dà wá irin náà káàkiri títí dé ibi tí odò ti fẹ̀, kò rí i.

Ìyá mi ní òun fẹ́ jókòó tì mí nínú yàrá iṣẹ́ mi. Mo gbà fún un. Ó mú aṣọ ìnura rẹ̀ dání.

Mo pè wọ́n. Wọ́n dáhùn. Irin, irin, irin. Pápá ń hó. Títì Àárín ló gba ife, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fò sókè. Inú mi dùn bíi ti àtijọ́. Irin ìkẹyìn dún, mo rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ gbé máìkì sílẹ̀.

"Ẹ má tíì gbé e sílẹ̀," ìyá mi wí. "Ìsàlẹ̀ ò tíì dáhùn."

"Màmá, kò sí ẹnì kankan ní Ìsàlẹ̀ mọ́."

"Ọmọ mi wà níbẹ̀."

Kò sunkún. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí, ó ń bẹ̀ mí, bí ẹni tó ń bẹ àjèjì. Ìfẹ́ ìyá mi ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Mo gbé máìkì sẹ́nu.

"Ìsàlẹ̀," mo ní. "Ẹ máa bọ̀."

Kò sí nǹkan. Ìyá mi fọwọ́ kan apá mi. "Ẹ pe orúkọ rẹ̀."

Mo pe ara mi. Lójú gbogbo ìlú, mo pe ara mi. "Kékeré. Máa bọ̀ nílé."

Ohùn mi lọ, ó kan òkè, ó padà. Pápá dákẹ́. Ẹni tó gbé ife dání sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rí i tí Wẹ́dà yíjú sí ọ̀nà odò. Àwọn ẹyẹ orí òrùlé wa dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Irin Ìsàlẹ̀ dún.

Òun ni. Ohùn rẹ̀ tó wúwo yẹn ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ibi tí kò sí òpó, tí kò sí irin, tí kò sí ọwọ́ tó máa lù ú. Òórùn ẹrẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé.

Ìyá mi dìde. Mi ò tíì rí i kó dìde bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí eékún rẹ̀ ti bàjẹ́. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣé ẹ gbọ́?" ó ní. "Ibẹ̀ ti ṣófo. Ó ti jáde." Ó tú aṣọ ìnura náà.

Oṣù ti gorí oṣù láti ìgbà yẹn. Kò tíì dé. Ọ̀nà tó ti Ìsàlẹ̀ wá sílé wa kò jìn, ẹni tó pọn ìyá rẹ̀ pàápàá máa rìn ín kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tó dá a dúró. Ìyá mi kì í ti ilẹ̀kùn mọ́, mi ò sì lè tì í fún un. Ohun tí mo lè ṣe ni mò ń ṣe. Bó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi ohun gbogbo sílẹ̀ níbi iṣẹ́, mo máa ń sáré. Àwọn ènìyàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹlẹ́nu, ṣé omi tún ń bọ̀ ni?" Mo kàn fẹ́ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ délé.